Ọjọ́ tí a mú Màmá lọ síbi kòtò aró Kofar Mata

Ọmọ Yorùbá tí a bí sí Sábó Gàrí ní Kánò lè gbọ́ Hausa dénú, kó mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù Kano Pillars lórí, kó sì dàgbà láì mọ inú Birni, ìlú àtijọ́ tí odi yí ká. Kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ilé ìwé wà ní Sábó, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wa wà ní Sábó. Ẹni tó ń lọ ata, ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ ṣọkọ, ẹni tó ń we gèlè, gbogbo wọn ò jìnnà sẹ́nu ọ̀nà wa. Títì kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Abẹ́òkúta Road. Birni náà wà nítòsí. Kẹ̀kẹ́ Márúwá á gbé ọ débẹ̀ kí o tó jẹ ẹ̀pà ọwọ́ rẹ tán. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ mi bá gbọ́ "Kofar Mata", pápá ìṣeré Sani Abacha ló ń sọ sí wọn lọ́kàn. Pé àwọn kòtò kan wà ládùúgbò yẹn tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ láró láti ayé àwọn baba ńlá wọn, kò kàn wọ́n.

Màmá mi ló jẹ́ ká lọ. Ó ti Abẹ́òkúta wá kí wa, ó sì ti jókòó ti tẹlifíṣọ̀n títí ó fi sú u. Ọkọ mi ní ká jáde lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn ọmọ ní mọ́ọ̀lù. Màmá ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé torí áìsìkiriìmù ni mo ṣe wọ mọ́tò láti Abẹ́òkúta? Ẹ mú mi lọ síbi tí n ò lè rí nílé." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìyá àgbà kì í dìbò nílé wa, àṣẹ ló ń pa.

Gidan Makama la kọ́kọ́ lọ, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ààfin Ẹ́míà ló wà, kò sì ṣòroó rí. Ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni ìtàn ní wọ́n ti kọ́ ilé náà, láyé Muhammadu Rumfa tó jọba Kánò láti 1463 sí 1499. Rumfa yìí náà ló kọ́ ààfin tí wọ́n ṣì ń pè ní Gidan Rumfa títí dòní, orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n sì máa ń dá bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ ọjà Kurmi. Wọ́n ti sọ Gidan Makama di mùsíọ́ọ̀mù báyìí. A san owó ìwọlé tí kò tó nǹkan, ọ̀dọ́kùnrin kan sì ń mú wa ká yàrá.

Mo fẹ́ràn ilé náà ju ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀ lọ. Ooru Kánò tí ẹ mọ̀ yẹn, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ògiri náà nípọn, amọ̀ sì ni. Tubali ni wọ́n ń pe bíríkì rẹ̀: wọ́n á fọwọ́ mọ amọ̀ kí ìdí rẹ̀ fẹ̀ kí orí rẹ̀ ṣóńṣó, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á wá tò ó léra wọn nínú amọ̀ tútù. Òrùlé rẹ̀ ò ní irin kankan nínú. Igi azara ló gbé e ró, èyí tí wọ́n là lára ọ̀pẹ kan tí Hausa ń pè ní giginya, igi líle tí ikán kì í rí jẹ. Wọ́n to igi náà títí tó fi tẹ̀ bí ọrun, tí amọ̀ sì bò ó, tí wọ́n wá fi iṣẹ́ ọnà sí i lára. Èmi tí òrùlé páànù ilé mi ń ké lálaalẹ́, mo dúró wòkè títí ọrùn fi ń ro mí.

Ohun tó ya Màmá lẹ́nu ni èyí tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri lóde kí òjò má baà fọ̀ ọ́ lọ. Makuba ni wọ́n ń pè é. Èèpo èso igi irú ni wọ́n ń rẹ sómi, omi rẹ̀ ni wọ́n sì ń pò mọ́ amọ̀. Màmá fọwọ́ pa ògiri náà. "Èèpo irú? Ẹ̀ ń jẹ ti inú, ẹ tún ń fi ti ẹ̀yìn kọ́lé! Dànù là ń da tiwa o."

Nínú àwọn yàrá, ìlù wà, idà wà, fọ́tò àtijọ́ odi Kánò àti àwọn ẹnu-bodè rẹ̀ wà, títí kan ìtàn bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba ìlú lóṣù Èrèlé ọdún 1903. Àwọn ọmọ dúró díẹ̀ níbi àwòrán dọ́bà Kánò, torí pé ẹṣin wà níbẹ̀; ayẹyẹ àwọn ẹlẹ́ṣin ni, UNESCO sì fi í sínú àkọsílẹ̀ àṣà àjogúnbá aráyé ní 2024. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n ń wojú ara wọn. Ọmọ mi ọkùnrin bi ọ̀dọ́kùnrin náà pé níbo ni wọ́n ti ń dáná nínú ilé yìí. Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó ní apá ibẹ̀ yẹn ni. Ọmọ náà yọjú wò ó. Kò sí ààrò, kò sí èéfín, ló bá padà wá dì mọ́ mi lọ́wọ́.

N ò bú mùsíọ́ọ̀mù o. Bí kò bá sí i, àwọn ìlù yẹn ì bá ti di igi ìdáná. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í bá ohun tó wà nínú gíláàsì sọ̀rọ̀ pẹ́.

A gba ọjà Kurmi kọjá. Mo ra ata gígún, àwọn ọmọ jẹ mása, ọkọ mi sì ń ṣàlàyé pé àdúgbò kan tó ń jẹ́ Ayagi wà nínú Birni níbẹ̀, tí àwọn oníṣòwò Yorùbá ti tẹ̀dó sí kí òyìnbó tó dé. Àwa ará Sábó, ọkọ̀ ojú irin tó wọ Kánò ní 1911 ló kó àwọn baba wa wá, pẹ̀lú obì Agége nínú agbọ̀n. Àwọn ti Ayagi ti dé ṣáájú. Wọ́n fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀, Hausa sì ni àwọn ọmọ ọmọ wọn ń sọ. Màmá ní ká lọ kí wọn. Ọkọ mi ní kò sẹ́ni tó mọ̀ níbẹ̀. Màmá ní ìyẹn ò dí ìkíni lọ́wọ́. Òun pẹ̀lú òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oòrùn ti ń ga.

A ò tíì sọ ibi tó kàn fún un. Bí a ṣe páàkì mọ́tò ní Kofar Mata, tí mo ṣí ilẹ̀kùn, Màmá fa imú, ó ní, "Aró nìyẹn." Kò béèrè, ó sọ ọ́ ni. Ẹni tó bá dàgbà sí agboolé aláró mọ òórùn náà: ó kan, ó ní eérú nínú, ó sì ń rántí ìtọ̀ díẹ̀. Àwọn ọmọ mi dí imú. Màmá ti sọ̀ kalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́ fún un.

Pátákó kan wà níbẹ̀ tó ní ọdún 1498 ni wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀. Ìta gbangba ni. Àwọn kòtò róbótó-róbótó wà nílẹ̀ káàkiri, ẹnu wọn kò ga jù ilẹ̀ lọ, débi pé mo di ọmọ mi kékeré lọ́wọ́ mú pinpin. Jíjìn wọn tó mítà 6. Àwọn kan lómi, àwọn kan ti gbẹ. Àwọn ọkùnrin lóṣòó sí ẹnu èyí tó lómi, wọ́n ń ri aṣọ, wọ́n ń fà á jáde, wọ́n ń fún un, wọ́n tún ń rì í. Ọwọ́ wọn dúdú láti orí èékánná dé ìgúnpá. Aṣọ tí wọ́n ti ṣe tán wà lórí okùn, èyí tó dúdú bíi ẹtù, èyí tó rí bí ojú ọ̀run àárọ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan dìde wá bá wa. Ó kí Màmá ní "Hajiya". Màmá, díákónẹ́ẹ̀sì, dáhùn láìṣe méjì. Ọmọbìnrin mi àgbà ló ń ṣe ògbufọ̀, inú mi sì dùn sí i, torí lójoojúmọ́ ni mo máa ń bá a jà pé kó yéé fi Hausa dá mi lóhùn nílé.

Bí Bàbá náà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ rèé. Omi ni wọ́n ń rọ sínú kòtò. Wọ́n á da eérú sí i, wọ́n á da kán-ún sí i, wọ́n á wá da baba sí i, ìyẹn ewé aró tí wọ́n ti sá gbẹ. Wọ́n á fi ọ̀pá gígùn rò ó, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó kan dáadáa. Kòtò tó bá ti gbà dáadáa á ṣiṣẹ́ fún oṣù púpọ̀ kí agbára rẹ̀ tó tán. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọn kì í dà á nù. Bí wọ́n bá sun ún tí wọ́n sì lọ̀ ọ́, á di nǹkan tó le bíi sìmẹ́ǹtì, òun ni wọ́n fi ń rẹ́ inú kòtò tuntun kó má baà jò. Màmá wò mí. Mo mọ̀ pé èèpo irú ló tún rántí.

Ohun tó gba àwọn ọmọ lọ́kàn jù ni pé aṣọ kì í dúdú nínú kòtò. Ìta ló ti ń dúdú. Bí wọ́n bá fà á jáde, àwọ̀ ewé ni, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, wàá máa wò ó báyìí, á máa ṣú. Ìdí rẹ̀ ni pé aró kì í yọ́ nínú omi lásán. Àwọn kòkòrò tí ojú ò rí, tó ń mú omi kòtò kan, ló ń gba ọ́síjìn kúrò lára rẹ̀, kó tó lè yọ́ nínú omi eérú kó sì wọnú òwú. Nígbà tó bá dé ìta, á gba ọ́síjìn padà, á di aró, kò sì ní yọ́ mọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń rì í tí wọ́n ń fà á. Ẹni tó bá fẹ́ aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ kò ní pẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó dúdú kirikiri, wọ́n á wà nídìí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọmọbìnrin mi, tó ń gba òdo nínú kẹ́mísìrì, béèrè ìbéèrè mẹ́ta léra wọn. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n má baà fi ẹ̀rín bà á jẹ́.

Màmá wá béèrè tirẹ̀. "Bi í léèrè, obìnrin wọn dà?" Bàbá náà ní kò sí obìnrin nínú iṣẹ́ yìí, baba rẹ̀ ló kọ́ ọ, baba baba rẹ̀ ló kọ́ baba rẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín. Ó ní nílé tòun, ní Kẹ́mta, iṣẹ́ obìnrin ni aró rírẹ. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ dúdú bíi tàwọn wọ̀nyí gan-an ni. Iṣẹ́ àwọn ọkùnrin ni kí wọ́n gé páànù tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ. Nígbà tí ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀ tán, ẹnu ya Bàbá náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá gbọ́. Obìnrin ló ń rẹ aró ní ìlú àwọn Yarbawa! Ẹ̀rín sọ.

Wọ́n wá jókòó, àwọn méjèèjì, sórí àpótí. Kò sí mùsíọ́ọ̀mù tí mo lè rí èyí wò ní tèmi. Ìkòkò ni ti wa, kòtò ni ti wọn. Ewé ẹlu, igi afàyàfà inú igbó, ni ti wa: wọ́n á gún un nígbà tó ṣì tutù, wọ́n á mọ ọ́n róbótó, wọ́n á sá a. Baba tiwọn jẹ́ igi kékeré inú ọ̀dàn tí kì í ga. Ewéko méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, aró kan náà ló wà nínú wọn. Eérú tiwọn, inú kòtò ni wọ́n ń dà á sí. Tiwa, inú ìkòkò tí wọ́n dálu nídìí ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n á gbé e lórí ìkòkò mìíràn, wọ́n á da omi sí i lórí, ohun tó bá ń kán sísàlẹ̀ ni wọ́n máa fi rẹ ẹlu. Bàbá náà fi aṣọ kan tí wọ́n fi okùn dì hàn án, Màmá ní "Òṣùbàmbà nìyí!", torí ó rí òṣùpá ńlá náà àti àwọn tótòtó kéékèèké tó yí i ká, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wà lára àdìrẹ oníko wa.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dùn, Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́ kòtò tó wà nítòsí, ó ti ìka kan bọ̀ ọ́, ó fi àtàǹpàkò pa á, ó gbé e súnmọ́ imú. Ó ní, "Kò tíì yọ̀ tó. Eérú rẹ̀ ò tó." Ọmọ mi wojú mi. Báwo ló ṣe máa sọ ìyẹn fún bàbá tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti kékeré? Ó ní kí Bàbá má bínú, pé ìyá àgbà ní aró náà dáa. Bàbá náà mi orí, ó ní rárá, kòtò yẹn ṣì kéré, kò tíì tó rẹ nǹkan. Kí Hajiya wá wo èyí tó wà lọ́hùn-ún. Ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀. Màmá ní, "Ṣé ẹ rí i?" Ó dìde lọ wo ti ọ̀hún.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n mú wa lọ síbi tí wọ́n ti ń lu aṣọ. Wọn kì í lọ̀ ọ́. Wọ́n tẹ́ aṣọ sórí ìtì igi, àwọn ọkùnrin méjì kojú ara wọn, wọ́n ń fi kùmọ̀ igi lù ú, títí tó fi ń dán. Ìlú Kura, ní ìpínlẹ̀ Kánò níbí, lókìkí fún irú èyí tó dán jù; àwọn Tuareg inú aṣálẹ̀ ló máa ń fi í wé orí, aró rẹ̀ a sì máa yí sí wọn lójú. Nígbà tí Heinrich Barth, ará Jámánì, wá sí Kánò ní 1851, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé aṣọ ìlú yìí ń dé Tripoli àti Timbuktu, ó sì ṣírò pé iye èyí tí wọ́n ń tà sí òkèèrè lọ́dún kò dín ní owó ẹyọ mílíọ̀nù 300. Ọ̀nà yìí kan náà ni òwú sílíkì pupa gbà wá sílé wa: láti Tripoli, ó gba aṣálẹ̀ kọjá, ó dé Kánò, ó dé Ìlọrin, wọ́n wá fi hun àlàárì. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ẹ̀ka ọ̀tọ̀ ni ìtàn wa àti ti wọn.

Bàbá náà ní àwọn kì í lo kẹ́míkà, ewé àti eérú ni. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga, ó sì tọ́ sí i. Màmá rántí tirẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1930, nígbà tí sódà àti aró òyìnbó dé Abẹ́òkúta, tí àwọn èèyàn ń pariwo pé aṣọ ń ya, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin dè wọ́n. Àwọn aláró fárígá, nítorí pé ọwọ́ ló ń yá tí èèyàn bá lo sódà, ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde fún ní 1936. "Ìyá mi ní òun ò lò ó," Màmá wí, "ṣùgbọ́n abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni sódà rẹ̀ wà." Ọmọ mi fẹ́ túmọ̀ ìyẹn. Màmá ní kó fi sílẹ̀.

Ọkọ mi, tó fẹ́ràn kó máa tún ìlú ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ì bá ṣe dáa tó tí ìjọba bá lè da ọ̀dà síbẹ̀, kí wọ́n fi irin yí kòtò ká, kí wọ́n máa gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní ní òkèèrè, odindi abúlé ni wọ́n ń kọ́ fún irú èyí. Òótọ́ ni. Skansen tó wà ní Stockholm, wọ́n ṣí i ní 1891. Ilé àtijọ́ láti gbogbo Sweden ni wọ́n kó wá síbẹ̀, wọ́n sì ń san owó fún àwọn èèyàn kí wọ́n wọ aṣọ ayé àtijọ́, kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ àtijọ́ lójú àlejò. Ní Jos nílé wa níbí náà, wọ́n kọ́ àwòkọ odi Kánò àti mọ́ṣáláṣí Zaria sínú ọgbà mùsíọ́ọ̀mù. Mo fẹ́ràn irú ibẹ̀ yẹn. Níbi tí iṣẹ́ bá ti kú, bóyá ohun tó kù tí a lè ṣe nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ti Kofar Mata kò tíì kú. Bàbá yìí kò wọ aṣọ àtijọ́ kankan fún wa. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ló wọ̀, fóònù rẹ̀ sì ń dún nínú àpò. Kì í ṣe àwa ló ń ṣe é fún. Tí a ò bá wá lọ́jọ́ Sátidé náà, á ṣì máa rẹ aró rẹ̀. Ohun tó lè dá a dúró ni kí aṣọ má tà, àwọn kòtò tó gbẹ yẹn sì ti ń sọ ọ́. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tó jọ àdìrẹ lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, wà ní Kánò, ó sì wà ní Ìtòkú lẹ́nu ọ̀nà Màmá, ó pọ́kú. Nítorí náà, tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ni mo rò pé ó yẹ ká san níbẹ̀. Aṣọ ló yẹ ká rà. Ọkọ mi ní a lè ṣe méjèèjì. N ò bá a jiyàn nípa ìyẹn.

A ra aṣọ. Ọkọ mi fẹ́ ná an sí ìdajì, bó ṣe yẹ kí ọkọ ṣe. Màmá, tó máa ń ná tòmátì títí ẹlẹ́tòmátì á fi bẹ̀ ẹ́, dì í lápá mú. Ó ní, "San án. Ìwọ ò gún ẹlu rí." Ó ra tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó ní òun á fi han àwọn ẹgbẹ́ òun pé ọkùnrin ló rẹ ẹ́, kí wọ́n lè sọ pé irọ́ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, ẹ má sì fi í sí ọ̀sán Jímọ̀, torí ìrun. Ẹ mú owó beba dání. Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò ẹnikẹ́ni. Ẹ di ọmọ kékeré lọ́wọ́ mú. Bí ẹ bá délé, ẹ fi omi tútù fọ aṣọ náà lọ́tọ̀, ẹ sá a síbòójì, ẹ má sì wọ̀ ọ́ lórí funfun títí tí omi rẹ̀ á fi mọ́. Màmá sọ èyí fún ọkọ mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú mọ́tò. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ti di búlúù nílé wa báyìí, ó sì ti bẹ̀ mí pé kí n má fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta.